Ta Ni Dẹ́lígéètì Rẹ?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé wa sọ ní Iléṣà. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi àwọn ibi tí ẹ̀rín ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀.)

Ẹ̀yin Kábíyèsí tó wà níkàlẹ̀, kí adé ó pẹ́ lórí, kí bàtà ó pẹ́ lẹ́sẹ̀. Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ti ìsọ̀ pa ní Àtàkúnmọ̀sà torí ìpàdé yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lórí ìdúró torí pé àga ò kárí, mo kí yín, mo sì júbà. Ọmọ Owá! Ọmọ Ẹkùn! Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ooru. Wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú ni tèmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ sì fi gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá dé bá yín, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹgbẹ́ APC ṣe ìdìbò abẹ́lé wọn ní Abuja láti mú ẹni tí yóò gbé asíá wọn fún ipò Ààrẹ. Ènìyàn mẹ́ta ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́. Ìlà-Oòrùn Iléṣà, mẹ́ta. Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà, mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó nawọ́ sókè.

Ọwọ́ mélòó nìyẹn? Méjì. Bàbá tó nawọ́ níwájú yìí, ẹ̀yin fúnra yín wà lára wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ti wà nínú ìnawọ́ yẹn.

Ibi tí ìbò ti ń parí

Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Ẹ fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, 2,322 ni yóò fún yín. Àwọn wọ̀nyí ni dẹ́lígéètì, ìyẹn aṣojú tó lọ dìbò, fún APC lọ́dún náà. Tinubu rí ìbò 1,271, Amaechi rí 316, Osinbajo rí 235, Lawan rí 152. Ní ìparí oṣù tó ṣáájú, PDP ti ṣe tiwọn ní Abuja kan náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan péré ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan rán lọ síbẹ̀. Atiku rí 371, Wike rí 237.

Ẹ wá da ìbò Tinubu pọ̀ mọ́ ti Atiku. 1,642! Gbọ̀ngàn tí a wà yìí, bí ẹ bá kọ́ irú rẹ̀ mẹ́ta, yóò gbà wọ́n. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC láti dìbò ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Mílíọ̀nù 93 ń dúró dè ọjọ́ ìbò. Ènìyàn 1,642 ti bá wọn yan méjì nínú àwọn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà padà já lé lórí. Ẹni kẹta, Peter Obi, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí PDP dìbò ló kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ sí Labour. Ó mọ ìṣirò, ó rí ibi tí ìbò àwọn dẹ́lígéètì ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìjẹ̀ṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Iléṣà méjì, Àtàkúnmọ̀sà méjì, Oríadé, Obòkun. Mẹ́ta-mẹ́ta fún APC, méjìdínlógún. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún PDP, mẹ́fà. Bọ́ọ̀sì eléèyàn méjìdínlógún kan àti káà kan ló kó gbogbo ohùn Ìjẹ̀ṣà lọ sí Abuja. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lè ti yà fún wọn lọ́nà láì mọ̀.

Kí ló fà á tí wọ́n fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Òfin ìdìbò 2022 ni, abala kẹrìnlélọ́gọ́rin. Bí àwọn aṣòfin ṣe kọ ọ́, kò fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ipò wọn sọ di dẹ́lígéètì: gómìnà, sẹ́nétọ̀, alága àná. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn ti fọwọ́ ara àwọn ti ara wọn síta, wọ́n sáré ṣe àtúnṣe, Buhari ò fọwọ́ sí i. Ààrẹ orílẹ̀-èdè gan-an ò lè dìbò ní ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ tirẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá kì í ṣe ẹ̀rín. Bí àwọn dẹ́lígéètì ṣe dínkù ni owó orí wọn ròkè.

Owó ni ẹ̀ ń pariwo

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń retí kí n bú nìyí. Ní 2022, fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ dupò Ààrẹ nínú APC jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà, ti PDP mílíọ̀nù 40. Olùkọ́ tó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni, tó sì tún ayé wá, tó tún kọ́ni, kò lè rí i. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni dọ́là tí wọ́n ní wọ́n ń pín fún àwọn dẹ́lígéètì. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ìwé ìròyìn gbé ti dẹ́lígéètì kan láti Kaduna tó ti ìdìbò PDP dé, tó sì pín èyí tí wọ́n fún un fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Àwọn ènìyàn yìn ín. Èmi náà fẹ́ yìn ín, ṣùgbọ́n mo ronú síwá, mo ronú sẹ́yìn: àwọn tí kò pín tiwọn ńkọ́?

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Owó kọ́ ni àrùn yẹn. Ọ̀dọ̀ wa níbí la ti ń pè é ní "dìbò kóo sebẹ̀", a mọ̀ ọ́n, a sì mọ ẹni tó sebẹ̀. Òkùnkùn tí owó ń bá wọlé ni mo ń bá jà. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Bí mo bá mọ ẹni tó lọ ṣojú mi, tí mo mọ ilé rẹ̀, tí mo mọ ẹni tó rán an, bí ó bá tilẹ̀ gbowó, mo mọ ibi tí n ó ti mú un. Ẹni tí n kò mọ̀, kí ni n ó bi í?

Lẹ́yìn ìdìbò abẹ́lé 2022, mo pàdé ọ̀kan nínú wọn ní Ẹrẹ̀jà, nídìí obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì. N ò ní sọ ẹgbẹ́ rẹ̀, n ò sì ní sọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti lọ. Mo kọ́ ọ ní iléèwé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà." Mo ní, "Mo gbọ́ pé o dé Abuja. Ta lo dìbò fún?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Sà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa o. Òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n kó gbogbo wa sí. Wọ́n gba fóònù wa. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó sọ orúkọ tí a máa kọ fún wa."

Mo ní, "Àwọn wo ló sọ ọ́?"

Ó ní, "Àwọn ọ̀gá ni, sà."

"Ọ̀gá wo?"

Ó ní, "Sà, ṣé kí n ra bọ̀ọ̀lì fún yín?"

Mo jẹ bọ̀ọ̀lì náà. Ó gbóná, wọ́n sì fi ẹ̀pà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ. Kì í ṣe pé ó ta ìbò rẹ̀ nìkan. Ìbò náà ò fìgbà kankan jẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan ló fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé kó máa lọ, ẹni náà ló kó o lọ, ẹni náà ló sì sọ ohun tí yóò kọ. Bí dọ́là bá tán nílẹ̀ ayé lọ́la, èyí ò ní yí padà.

Yàrá àwọn àgbà

Àwọn kan á ní, "Tíṣà, bí owó bá ti ba ìdìbò jẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan." Ìfẹnukò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Yorùbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Ìjẹ̀ṣà ni yóò dá mi lóhùn lórí èyí, torí pé ó ti ṣojú wa rí.

Oṣù Kìíní ọdún 1999. D'Rovans, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ AD fẹ́ mú ẹni tí yóò dupò Ààrẹ. Èèyàn méjì ló wà níwájú wọn: Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè wa níhìn-ín, tó ti ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ ayé ìgbà náà láti 1979 sí 1983, àti Olú Fálaè, ọmọ Àkúrẹ́. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń dúró. Àwọn tó wà nínú yàrá náà láti yàn kò tó ọgbọ̀n. Wọ́n jáde, wọ́n ní Fálaè ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Fálaè kúnjú òṣùwọ̀n, ìbò Yorùbá sì tẹ̀lé e nígbà tí òun àti Ọbásanjọ́ pàdé ní oṣù Kejì. N kò sọ pé àwọn àgbà ò gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé títí di òní, bí ẹ bá dé ibi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò ní ìlú yìí, tí ẹ dárúkọ D'Rovans, ẹnì kan á fi ọmọ ayò sílẹ̀ bínú. Kí ló dé? Bí Bọ́lá Ìgè bá fìdí rẹmi lójú wa, lórí ìlà, ní wọ́ọ̀dù Ẹ̀sà-Òkè dé ti Àkúrẹ́, inú á bí wa, a ó sì gbà. Yàrá ni wọ́n ti na án. Ohun tí wọ́n bá ṣe ní yàrá, ìròyìn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò máa bá a kiri: lágbájá ló ṣe é, tàmẹ̀dù ló ń jowú rẹ̀. Ìgè lọ bá Ọbásanjọ́ ṣe mínísítà. Ẹgbẹ́ náà ò ṣe ọ̀kan mọ́. Nígbà tó fi máa di 2003, nínú ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fà, Èkó nìkan ló kù sí AD lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fa ìyẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti sán.

APC náà gbìyànjú rẹ̀ ní 2022. Alága ẹgbẹ́ jáde, ó ní Lawan ni ìfẹnukò. Ìfẹnukò ta? Àwọn gómìnà òkè Ọya fúnra wọn ní àwọn ò gbọ́ sí i. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìyẹn ni Tinubu ti dúró ní Abẹ́òkúta tó ní "Èmi ló kàn." Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn gbólóhùn yẹn àti ẹ̀yin tó bí nínú, ẹ jẹ́ ká fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ó bọ́ sí gbangba, ó sọ ọ́ sétí gbogbo ayé. Mo fara mọ́ ẹni tó sọ ọ́ síta ju ẹni tó ń sọ ọ́ ní yàrá lọ, yálà ó kàn án tàbí kò kàn án.

Ìlà ọdún 1993

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ Option A4. Ní 1992, SDP àti NRC, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó wà nígbà náà, ti ṣe ìdìbò abẹ́lé, èrú pọ̀ níbẹ̀, Babangida fagi lé e, ó sì ní kí gbogbo àwọn tó díje lọ jókòó sílé. Wọ́n wá gbé ètò mìíràn jáde, òun ni Option A4: ẹni tó bá fẹ́ di Ààrẹ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, lẹ́yìn náà ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀, kó tó dé àpéjọ gbogboogbò. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Mo tò sórí ìlà ní wọ́ọ̀dù wa. Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ìrì ò tíì gbẹ. Òṣìṣẹ́ tó ń kà wá ń fọwọ́ kan èjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, ó ń pariwo rẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí ó bá ti kà ọ́, o ò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Ọkùnrin olówó kan wà ládùúgbò tó fẹ́ kí wọ́n mú òun. Ó rán ọmọọṣẹ́ wá pé ara òun ò yá. Ìyá kan tó ń ta èkuru béèrè pé ṣé ara tí kò yá lónìí ni yóò gbé wa dé Abuja? Ìlà olówó yẹn tú ká níṣojú mi. Owó ẹ̀ ò mú un dúró.

N ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dára. Bàbá kan tò sẹ́yìn ẹni tí kì í ṣe àbúrò rẹ̀, àbúrò náà sì ń wò ó. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn méjèèjì tó kí ara wọn padà. Ìlà gbangba ń dá ọ̀tá sílẹ̀, èyí ni mo rí tí mo fi mọ̀ pé ìwé ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ṣì dára ju ìlà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí SDP pé ní Jos lóṣù Kẹta, tí Abíọ́lá ṣáájú, tí Kingibe tẹ̀lé e, tí Atiku ṣe ìkẹta, tí Abíọ́lá sì borí Kingibe nígbà tí wọ́n tún ìbò dì, a mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. A mọ àwọn tó ti wọ́ọ̀dù wa lọ. A bá wọn jẹ iyán kí wọ́n tó lọ, a sì bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n dé.

Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ẹnì kan á béèrè, ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn. N kò fẹ́ fi Amẹ́ríkà ṣe òrìṣà. Ní 1924, àwọn Democrat dìbò lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ní New York kí wọ́n tó rí ẹni tí wọn yóò fà kalẹ̀; wọ́n sì tún fìdí rẹmi. Ní 1968, Humphrey gba asíá wọn ní Chicago láì díje nínú ìdìbò abẹ́lé ìpínlẹ̀ kankan. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló gbé e fún un, ọlọ́pàá sì ń lu àwọn ọ̀dọ́ ní títì lọ́wọ́ kan náà. Ìtìjú yẹn ló mú kí wọ́n yí òfin ẹgbẹ́ padà, kí ìbò àwọn èèyàn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa darí àwọn dẹ́lígéètì. Àwọn náà ò sì tíì bọ́: ní 2024 Biden tó ti borí nínú ìdìbò abẹ́lé juwọ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje, Harris gba asíá láì sí ẹni tó bá a dù ú lórí ìbò.

Ohun kan ṣoṣo ni n ó yá lọ́wọ́ wọn. Ní àpéjọ wọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dìde, ẹnì kan á gba gbohùngbohùn, á kọ́kọ́ fi ìlú rẹ̀ yangàn, á wá kéde iye ìbò ìpínlẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n dì í fún. Tiwa? Dẹ́lígéètì wọ inú àpótí, ó jáde, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ìwé orúkọ

Ẹ ó wá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ lápapọ̀ máa dìbò ní wọ́ọ̀dù, kí a pa dẹ́lígéètì tì. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀ṣun ti ṣe é: ní 2018 ni APC fi irú rẹ̀ mú Oyètọ́lá láti dupò gómìnà. PDP lo dẹ́lígéètì lọ́dún yẹn, Adélékè sì fi ìbò 7 péré ju Ògúnbíyì lọ, 1,569 sí 1,562. Ìbò 7! Èèyàn tó lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́. Ní 2018 kan náà, APC ní ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò tààrà fún Buhari, òun nìkan tó ń díje, jẹ́ 14,842,072. Nígbà tí gbogbo Nàìjíríà dìbò ní oṣù Kejì 2019, iye tó rí jẹ́ 15,191,847. Ẹ bá mi rò ó. Ṣé gbogbo ẹni tó dìbò fún un ló ní káàdì ẹgbẹ́ ni, tí ìyókù Nàìjíríà wá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún ìbò tì í lẹ́yìn? Ta ló ka mílíọ̀nù 14? Ìwé wo ni orúkọ wọn wà?

Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà: rẹ́jístà. Ẹni tó bá mú ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù, òun ló yan Ààrẹ. Bí ìwé yẹn bá wà nínú àpò ẹnì kan, ìdìbò tààrà, dẹ́lígéètì, ìfẹnukò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìjà orí ìdìbò abẹ́lé ni Adéòtì, tó fẹ́ dupò gómìnà, fi kúrò nínú APC ní 2018. Irú ìjà kan náà ló tún pín wọn ní oṣù Kejì 2022, tí ọmọ wa Arẹ́gbẹ́ṣọlá wà lọ́tọ̀, tí Oyètọ́lá wà lọ́tọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje tí wọ́n dìbò gómìnà, Adélékè rí 403,371, Oyètọ́lá rí 375,027.

Àwọn bàbá wa òṣómàáló gbé aṣọ àwìn kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á lóṣòó, wọn ò ní dìde àfi bí owó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ti ìlú yìí lọ sí Abuja ní orúkọ wa, gbèsè àlàyé ló jẹ. Ẹ lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ bi í: ta ló mú ọ? Níbo ni wọ́n ti mú ọ? Ìwé orúkọ dà? Bó bá fi bọ̀ọ̀lì lọ̀ yín, ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì tún béèrè.

Ìbéèrè kan láti ẹ̀yìn

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun sà. Àmọ́ bí èmi bá dé ìpàdé wọ́ọ̀dù, ṣé wọn ò ní ní kí n lọ bá àwọn ìyá se oúnjẹ?"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀.

Mo ní, wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Jókòó, má dìde. Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù tiwa tí wọ́n sọ fún bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ oúnjẹ sè, irọ́ ló sì pa, mo ti jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bíírò àti ìwé kí òun máa kọ orúkọ àwọn tó wá. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn, wọ́n gbé e fún un. Lónìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé lágbájá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa láì kọ́kọ́ bi í. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń gun jíìpù wá ń kí i tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, ẹgbẹ́ tó bá wù ọ́ ni kóo wọ̀, n kò ní sọ tèmi. Gba káàdì, béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìpàdé, mú bíírò tìrẹ dání. Ìpàdé tiwa, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àmọ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó di márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kí n mú òun lọ, kó rí mi níta kí n tó wọkọ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀.